Lily Parr: Agbábọ́ọ̀lù Tí A Ti Ilẹ̀kùn Pápá Mọ́

Ó ti di àṣà nínú ìwé àjọ̀dún yìí láti sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọjá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ajíhìnrere, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn olùkọ́ àti àwọn dókítà ni a sábà máa ń yàn. Lọ́dún yìí, agbábọ́ọ̀lù ni a yàn, obìnrin sì ni. Ìdí tí a fi yàn án kò fara sin. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún wọn lórí pápá ńlá. Inú àwọn òbí kan dùn sí i. Àwọn mìíràn sọ pé kò yẹ ọmọbìnrin. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò fẹ́ jókòó sórí àga onídàájọ́. A rò pé ó sàn kí a sọ ìtàn ibi tí irú ẹjọ́ yìí ti wáyé rí, kí a wo bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti dá a, kí a sì wo ohun tí ó tẹ̀yìn ìdájọ́ náà yọ.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1905 ni a bí Lilian Parr, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Lily, ní ìlú St Helens ní agbègbè Lancashire, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú àwọn tí ń wa èédú àti àwọn tí ń ṣe gíláàsì ni St Helens nígbà náà. Lébìrà ni George, baba Lily, ní ilé iṣẹ́ gíláàsì. Ọmọ méje ni Ọlọ́run fi jíǹkí òun àti Sarah aya rẹ̀, Lily sì ni ìkẹrin wọn. Ilé tí wọ́n ń gbé kì í ṣe tiwọn, owó ilé ni wọ́n ń san. Ẹnu tí ń jẹun pọ̀, owó tí ń wọlé kò sì tó nǹkan.

Aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, tí í ṣe ẹ̀kọ́ tí a kà sí pàtàkì fún ọmọbìnrin ní àkókò náà, kò wọ Lily lára. Ẹ̀yìn àwọn arákùnrin rẹ̀ ni ó máa ń tọ̀ lọ sí ilẹ̀ òfìfo tí ó wà nítòsí ilé wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń ṣe eré rọ́gíbì, èyí tí a ń gbé bọ́ọ̀lù dání sá. Kò sí olùkọ́ mìíràn tí ó kọ́ ọ ju àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí lọ. Nínú ìjà àti àríwá wọn ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni nígbà tí ẹni tí ó tóbi juni lọ bá ń bọ̀. Nígbà tí ó fi di ọ̀dọ́mọdébìnrin, ó ti ga, ó ti lágbára, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti le débi pé àwọn tí ń dúró sẹ́nu ilé kì í fẹ́ rí bọ́ọ̀lù tí ó ti ibẹ̀ wá.

Bí Ogun Ṣe Mú Àwọn Obìnrin Dé Pápá

A kò lè sọ ìtàn Lily kí a má mẹ́nu kan ogun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sójú ogun lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, àwọn obìnrin sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ní ìlú Preston, tí kò jìnnà sí St Helens, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tí a ń pè ní Dick, Kerr. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí irin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; ogun sọ wọ́n di ẹni tí ń ṣe ọta àti ohun ìjà. Iṣẹ́ náà léwu, ó sì ń dáni lágara. Ní àkókò ìsinmi, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa bá àwọn ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà ilé iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, Alfred Frankland, rí wọn, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń wò ju eré lásán lọ. Òun ni ó di alábòójútó wọn.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1917, àwọn obìnrin wọ̀nyí jáde sí Deepdale, pápá àwọn ọkùnrin agbábọ́ọ̀lù Preston North End, láti kojú àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ mìíràn ní ìlú kan náà. Òǹwòran 10,000 ni ó wá. Àwọn obìnrin Dick, Kerr borí pẹ̀lú ayò mẹ́rin sí òdo. A kó owó tí a rí sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú: àánú ni ó mú ẹgbẹ́ yìí dé pápá, kì í ṣe èrè.

Ogun parí ní ọdún 1918, ọ̀pọ̀ obìnrin sì padà sílé láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wọn kò parí. Ẹgbẹ́ tuntun ń yọ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin St Helens, ibẹ̀ ni Lily ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Nígbà tí wọ́n pàdé ẹgbẹ́ Dick, Kerr, wọn kò borí, ṣùgbọ́n ojú Frankland kò kúrò lára ọmọ gíga tí ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì pápá. Ó pè é wá sí Preston. Lily fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé Alice Norris, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fún un níṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, wọ́n sì ń fún un ní ṣílè mẹ́wàá fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, láti fi dí iṣẹ́ tí ó bá pa jẹ àti ìnáwó ọ̀nà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ wa lè mọ ohun tí ó mú un yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí a ń gbá lónìí. Awọ líle ni wọ́n fi ń ṣe é, okùn ni wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, awọ náà yóò mu omi títí yóò fi wúwo bí òkúta. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù láti gbá a dé iwájú ilé kí ó má ti jábọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì yìí gan-an ni ipò Lily. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde a máa dé iwájú ilé ní gíga orí, pẹ̀lú agbára, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi orí tàbí ẹsẹ̀ tì í wọlé. Bí ó bá sì wù ú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbá a wọ àwọ̀n. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayò 43 ni ó gbá wọlé ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ọkùnrin aṣọ́lé kan tí ó pè é níjà, tí ó ní obìnrin kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá òun, fi apá rẹ̀ kan san gbèsè ọ̀rọ̀ náà. Bóyá ìtàn yìí gùn sí i lẹ́nu àwọn tí ń sọ ọ́, àwa kò lè búra sí i; ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ẹni tí kò lókun ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́.

Ọdún 1920, Ọdún Ògo

Ní oṣù kẹrin ọdún 1920, Alice Milliat, obìnrin ilẹ̀ Faransé tí ó jà fitafita fún eré ìdárayá àwọn obìnrin, kó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ikọ̀ obìnrin tí ìjọba tàbí àjọ kankan yàn. Nítorí náà, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ Preston ni ó dúró fún orílẹ̀-èdè wọn. Òǹwòran 25,000 wá sí Deepdale láti wo ìdíje àkọ́kọ́. Wọ́n gbá ìdíje mẹ́rin, ní Preston, ní Stockport, ní Manchester àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ Preston borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú ọ̀kan, àwọn ará Faransé sì borí nínú ìkẹyìn. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ Dick, Kerr náà ti ré òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé láti dá ìbẹ̀wò wọn padà.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́ ní Deepdale. Kò sí iná pápá nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ ńlá tí àwọn ọmọ ogun fi ń wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ní ojú ọ̀run ni wọ́n gbà láyè láti lò, wọ́n sì kun bọ́ọ̀lù ní ọ̀dà funfun kí ojú lè rí i. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti bọ̀ láti ojú ogun tí wọn kò ríṣẹ́ ni wọ́n kó owó rẹ̀ fún.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ògo náà dé ògógóró. Ní Goodison Park, pápá ẹgbẹ́ Everton ní Liverpool, ẹgbẹ́ Dick, Kerr kojú àwọn obìnrin St Helens, ẹgbẹ́ tí Lily ti jáde wá. Òǹwòran 53,000 ni ó wọlé. Nǹkan bí 14,000 mìíràn dúró síta nítorí pé àyè kò sí mọ́. Àwọn ọmọ Preston gbá ayò mẹ́rin wọlé, St Helens kò rí ọ̀kan gbá. Owó tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà ju 3,000 pọ́n-ùn lọ, owó ńlá gbáà ní ìgbà tí ṣílè mẹ́wàá jẹ́ owó tí òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ná, àwọn aláìní àti àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Lily. Ẹni tí ó bá rí i ní ọjọ́ náà yóò rò pé ọ̀nà ti là níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Tí Ilẹ̀kùn Tì

Ní ọdún 1921, ẹgbẹ́ náà gbá ìdíje 67, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi iṣẹ́ oòjọ́ wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tó nǹkan bí 150. Àmọ́ bí orúkọ wọn ti ń ga ni ìkùnsínú ń pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní àṣẹ lórí bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejìlá, ọdún 1921, Àjọ Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n sì fẹnu kò pé bọ́ọ̀lù kò yẹ fún obìnrin rárá, kò sì yẹ kí a gbà wọ́n níyànjú láti gbá a. Wọ́n fi kún un pé nínú owó tí a ń kó jọ fún àánú, èyí tí ń bá ìnáwó lọ ti pọ̀ jù. Wọ́n wá pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe yọ̀ǹda pápá wọn fún àwọn obìnrin mọ́.

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Kì í ṣe ìkà ènìyàn ni gbogbo wọn. Ẹni iyì ni wọ́n ní àwùjọ wọn, àwọn oníṣègùn kan sì wà lẹ́yìn wọn tí ó sọ pé eré náà lè ba ara obìnrin jẹ́. Kò sí àní-àní pé àwọn mìíràn nínú wọn gbà tọkàntọkàn pé ààbò ni àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé wa títí di òní. Àwọn obìnrin yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè bẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú pé kí wọ́n wá máa gbé irin, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ kan oògùn ìbọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó pe àpérò láti bèèrè bóyá ara obìnrin gbà á. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ohun tí inú wọn dùn sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wá wò wọ́n, ni ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹlẹgẹ́.

Ìdájọ́ náà kò sọ pé kí a fi obìnrin tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sẹ́wọ̀n. Ó kàn gba pápá lọ́wọ́ wọn ni. Bẹ́ẹ̀, a kì í ní kí ẹja má lúwẹ̀ẹ́; bí a bá ti gbọ́n odò gbẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Láìsí pápá ńlá, kò sí àyè fún òǹwòran púpọ̀; láìsí òǹwòran, kò sí owó ọkọ̀, kò sí owó aṣọ, ìwé ìròyìn kì í sì í wá mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà tú ká láàárín ọdún díẹ̀.

Ọgbọ̀n Ọdún Lẹ́yìn Ìdájọ́

Ẹgbẹ́ Dick, Kerr kò tú ká. Ní ọdún 1922, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Kánádà, wọ́n bá a pé ìdájọ́ ti ré òkun ṣáájú wọn: àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ náà kò gbà kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí ẹgbẹ́ obìnrin tí ó lè kò wọ́n lójú, ni wọ́n bá gbá ìdíje mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Wọ́n borí nínú àwọn kan, wọ́n ta ọ̀mì nínú àwọn kan, a sì borí wọn nínú àwọn kan. Lily kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ní ilé, ó di orí ilẹ̀ gbágungbàgun, pápá rọ́gíbì àti ọgbà ìlú. Ní ọdún 1926, èdèkòyédè ṣẹlẹ̀ láàárín Frankland àti àwọn tí ó ra ilé iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ náà pàdánù àtìlẹ́yìn tí ó ní, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Preston Ladies. Lily ti rí iṣẹ́ nígbà náà ní Whittingham, ilé ìwòsàn ńlá kan nítòsí Preston tí a ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, iṣẹ́ náà ni ó sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí a gbà pé ibi tí ìtàn yìí ti ga jù nìyí, bí kò tilẹ̀ sí òǹwòran 53,000 níbẹ̀. Ní ọ̀sán àti ní òru, obìnrin yìí a máa wẹ àwọn tí kò mọ orúkọ ara wọn mọ́, a máa fún wọn lóúnjẹ, a máa mú sùúrù fún ẹni tí ń bú u láìmọ̀. Nígbà tí ìsinmi rẹ̀ bá dé, yóò gbé báàgì rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá tí kò ní àga, níwájú àwọn ènìyàn díẹ̀, fún owó àwọn aláìní. Kò sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé níwájú rẹ̀. Kò sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè tí yóò pè é. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1937, wọ́n kojú àwọn obìnrin Edinburgh láti Skọ́tíláńdì, àwọn tí ó gbóná jù ní ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ Preston sì borí pẹ̀lú ayò márùn-ún sí ẹyọ kan. Ogun Àgbáyé Kejì dá eré dúró. Nígbà tí ó parí, Lily di balógun ẹgbẹ́ ní ọdún 1946, ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ọdún 1951 ni ó tó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣírò rẹ̀ sọ pé ayò tí ó gbá wọlé ju 900 lọ. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà títí di ọdún 1965; nínú ìdíje 828 tí wọ́n gbá, 24 péré ni a ti borí wọn.

A kò ní sọ Lily di áńgẹ́lì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa le, ó ń mu sìgá, kì í sì í fi ojú kékeré wo ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí a rí lára rẹ̀ tí ó yẹ fún àwòkọ́ṣe ni ìforítì, àti pé kò jẹ́ kí ìkorò ọkàn nítorí ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ba ìwọ̀nba tí ó kù jẹ́.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Tẹ̀yìn Rẹ̀ Yọ

Ní ọdún 1967, àrùn jẹjẹrẹ mú un, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tí wọ́n fi gé ọmú rẹ̀ méjèèjì. Ó yè é. Nítorí èyí, ojú rẹ̀ rí ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí: ní ọdún 1971, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, Àjọ Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìdájọ́ wọn kúrò. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1972, ikọ̀ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá ìdíje àkọ́kọ́ tí a kà sí ti orílẹ̀-èdè, ní ìlú Greenock ní Skọ́tíláńdì. Skọ́tíláńdì gbá méjì wọlé ṣáájú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá mẹ́ta, wọ́n sì borí.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Skọ́tíláńdì, ohun tí ojú àwọn obìnrin rẹ̀ rí sì jẹ́ kí a mọ bí ìdájọ́ àtijọ́ ti ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ní ọdún 1881 ni àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Edinburgh ní orúkọ Skọ́tíláńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tíláńdì ni ó sì borí. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje Greenock wáyé ní ọdún 1972, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn kò tíì gbà wọ́n wọlé. Ó di ọdún 1974 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọdún 2019 ni wọ́n tó dé ìdíje Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Pápá tí a bá tì fún ọdún púpọ̀ kì í so èso lọ́jọ́ tí a bá ṣí i. Àwọn ìyá tí ìbá kọ́ ọmọ kò gbá a rí. Àwọn tí ìbá di olùkọ́ ti gba ibòmíràn lọ.

Lily Parr kú ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 1978, ní abúlé Goosnargh nítòsí Preston. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ìlú St Helens tí a ti bí i ni wọ́n gbé e padà sí láti sin ín. Ó di ọdún 2002 kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró ní Manchester, ère àkọ́kọ́ tí a ṣe fún obìnrin agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀kọ́ fún Àwa náà

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Preston. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ní ìlú Brisbane ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà àti ikọ̀ obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Fún ọgọ́fà ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ wa dí ọ̀nà mọ́ wọn, kò sí ẹni tí ó rí ayò gbá. Pẹnárítì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi borí, mẹ́rin sí méjì. Nàìjíríà kò tíì pa Ife Àgbáyé àwọn obìnrin kan jẹ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 títí di ti ọdún 2023. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, Asisat Oshoala tí ó dàgbà ní Ìkòròdú ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà ní ìgbà mẹ́fà. Orí pápá kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ni ó gbà wọ́n láyè.

Nínú ilé ẹ̀kọ́ tí a gbé kalẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ Kristi, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe tálẹ́ńtì láti kíláàsì àkọ́kọ́. Gbogbo wa ni a mọ ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wa ilẹ̀, tí ó sì rì tirẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì mọ bí ọ̀gá rẹ̀ ti bá a wí. Ohun tí ìtàn Lily Parr mú wa ronú lé lórí ni ẹni tí ó rì tálẹ́ńtì ọmọlàkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ Lily kò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lò ó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àwọn tí ó pàdánù ni àwọn ọmọbìnrin tí a bí láàárín ọdún 1921 sí ọdún 1971, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, nítorí pé wọn kò rí ibi tí wọn ìbá ti fi ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ wọn hàn.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn òbí wa àti àwọn olùkọ́ wa pé, kí a tó sọ ohun tí kò yẹ ọmọbìnrin, kí a kọ́kọ́ jókòó kí a wo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń fi eré pa ìwé tì, ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ tí ó kan ọmọkùnrin pẹ̀lú, ọ̀nà kan náà sì ni kí a fi bá àwọn méjèèjì wí. Àwa sì ń sọ fún ẹ̀yin ọmọbìnrin wa pé kí ẹ wo nọ́ọ̀sì Whittingham. Kò fi bọ́ọ̀lù sá fún iṣẹ́, kò sì fi iṣẹ́ sá fún bọ́ọ̀lù. Owó tí wọ́n rí lórí pápá, ẹni tí ara kò dá ni wọ́n fi tọ́jú.

Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn tí ó ra ilẹ̀ pápá ńlá yìí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ro ó. Pápá náà gbòòrò, ọjọ́ márùn-ún sì ni a ń lò ó lọ́sẹ̀. A gbà pé àyè wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí.